Ẹnu-Ọ̀nà Iwájú Àpótí Ẹṣin

Ní ayé Faransé, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Lomé lọ sí Atakpamé a máa kó ẹṣin àti ẹlẹ́dẹ̀ sínú yàrá ẹrù kan náà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò sì là wọ́n láàárín. Bàbá mi fara da èyí fún ìgbà pípẹ́. Òun ni ó ń pèsè ẹṣin fún àwọn Mùsùlùmí ìlú wa nígbà ìgbéyàwó àti ní ọjọ́ Iléyá, bí ará òkè bá sì ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ yá ẹṣin, ojú irin ni ọ̀nà. Kò ṣeé ṣe kí ẹṣin fi ẹsẹ̀ rin ìrìn náà. Irù, eṣinṣin tí ń gbé àìsàn oorun kiri, kún inú igbó tí ó wà láàárín, ẹṣin tí ó bá sì gba ibẹ̀ kọjá lẹ́sẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rù, kí ó sì dùbúlẹ̀ láìtún dìde mọ́. Nítorí náà bàbá mi a san owó ọkọ̀, a wo ẹlẹ́dẹ̀, a wo ẹṣin, a fún ẹnu pọ̀, a sì yí ojú sí ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹṣin tí ó fẹ́ lọ sí Atakpamé kì í ṣe ẹṣin àyálò. Ẹ̀bùn ni.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, ni ó ni ọ̀ràn náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ ní Atakpamé, nínú agbo-ilé àwọn Yorùbá kan tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ kí Jámánì tó kúrò. Ìyàwó ilé pọ̀ níbẹ̀, ọmọ náà ni ó sì kéré jù nínú wọn. Ìyáálé wọn, obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ mú, kì í bú u ní gbangba. Kìkì pé bí wọ́n bá ń pín iyọ̀ sọ́bẹ̀, yóò ní kí wọ́n bi ará etí òkun bí ó bá tó, nítorí pé iyọ̀ nìkan ni òun mọ̀ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní. Òótọ́ sì ni pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn ẹbí àwọn ìyàwó yòókù ti mú àgbò wá, wọ́n ti mú ẹrù iṣu wá, wọ́n ti wá jókòó, wọ́n ti jẹun, àwa kò tíì yọjú. Ọ̀nà jìn. Bí a bá sì jẹ́ kí ọ̀nà jìn sí àna, a ti jẹ́ kí ẹnu aráyé sún mọ́ ọmọ wa.

Nígbà náà ni ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ wé láwàní Lèmọ́mù fún bàbá ọkọ ọmọ náà. Àbúrò bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá mi, ó ní kí ó fún òun ní ẹṣin funfun, èyí tí ó dára jù nínú èyí tí a ní, kí ọmọ òun lè rí ojú gbé sókè nínú ilé ọkọ. Bàbá mi gbà. Ohun tí kò gbà ni pé kí ẹṣin Lèmọ́mù bá ẹlẹ́dẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó ní ìyáálé náà yóò ti gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀ lára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá àpótí ẹṣin kiri Lomé nìyẹn.

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ ẹrù bàbá mi nígbà náà, kámíọ̀ kan tí ó ń kó àgbàdo àti aṣọ. Mo ti ní aya, mo sì ti lo ìwọ̀nba ọdún nílé ẹ̀kọ́ Faransé, nítorí náà èmi náà ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún bàbá mi níwájú òyìnbó. Òyìnbó aṣọ́bodè kan ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Ó ti máa ń fi ẹṣin sáré létí òkun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ ti kú, àpótí rẹ̀ kù: ilé pákó kan lórí ẹsẹ̀ rọ́bà méjì, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti máa wọ́ ọ lọ. Kò sí irú rẹ̀ méjì ní ìlú wa. A lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwa mẹ́rin: bàbá mi, àbúrò rẹ̀, èmi, àti ọkùnrin Gàm̀bàrí kan tí ó ti ń tọ́jú ẹṣin wa kí a tó bí mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Baba Ẹlẹ́ṣin.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ń ba ẹnìkejì lẹ́rù, kí ó bá a lọ ra nǹkan. Baba Ẹlẹ́ṣin kò wo ilẹ̀kùn, kò wo ọ̀dà. Ó wọ abẹ́ àpótí lọ, ó dojú sókè, ó sì ń fi ọ̀bẹ gún pákó ilẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé láti ibẹ̀ pé ìtọ̀ ẹṣin kì í jẹ pákó láti òkè; ó máa ń ṣàn gba àárín wọn, á sì jẹ wọ́n láti ìsàlẹ̀, tí ẹni tí ó dúró nínú àpótí yóò máa rò pé orí igi líle ni òun wà. Ó rí ibi tí ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá yọ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kí a má wulẹ̀ dúró, kí a kàn máa wá ẹni tí yóò jẹ ẹran. Lẹ́yìn ilẹ̀, ó wo pákó tí ẹṣin ń tẹ̀ gòkè. Ó fẹ́ kí ó gùn kí ó sì lọ sílẹ̀, nítorí pé ẹṣin kì í gun ohun tí ó ga gọn-ọn-rọn, fífò ni yóò fò ó. Ó fẹ́ kí ojú atẹ́gùn wà lókè orí ẹṣin, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa fẹ́ eruku sí i lójú. Òrùlé kò já mọ́ nǹkan kan lójú tirẹ̀. Ó ní ẹṣin kì í ṣe ìyàwó tuntun.

Ní tèmi, ìdè irin tí yóò so àpótí mọ́ ọkọ̀ ni mo tẹjú mọ́, àti bóyá ìjánu ọkọ̀ mi lè dá gbogbo ìwúwo náà dúró ní àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Atakpamé. Àbúrò bàbá mi bínú sí àpótí náà nítorí pé ara rẹ̀ dí pátápátá. Ó bi wá pé irú ẹ̀bùn wo ni ó ń gba ìlú kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ọ̀pá lásán ni à bá fi yí i ká, kí gbogbo ọ̀nà láti Agoè-Nyivé lè máa béèrè pé ta ni wọ́n ń gbé e lọ fún.

Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ti gé ọ̀pá oparun kan wá láti ilé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ gíga ẹṣin wa nígbà tí ó bá wọ ẹ̀wù tán, títí dé ṣóńṣó ìyẹ́ tí a ń fi sí i lórí. Ó ní kí àbúrò òun gbé e wọnú àpótí, kí ó nà án ró, kí ó sì máa rìn.

Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó gbé ọ̀pá dání, gèlè rẹ̀ sì ń ha òrùlé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni ẹṣin ni, àbí ọ̀pá yìí?”

Baba Ẹlẹ́ṣin, tí ó ti tún padà sábẹ́ àpótí, dá a lóhùn láti ibẹ̀ pé, “Ẹṣin tiwa kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí.”

Ọ̀pá náà wọlé láìkan òrùlé. Inú bàbá mi dùn sí èyí. Lẹ́yìn náà ni ó yí àpótí náà ká, ó tún un yí ká, ó sì ní kí n bi òyìnbó pé níbo ni ẹṣin ń gbà jáde. Òyìnbó ní ibi tí ó gbà wọlé náà ni, ẹ̀yìn. Bàbá mi ní kí n bi í bóyá ẹṣin máa ń yí padà nínú rẹ̀. Òyìnbó ní kò sí àyè fún ìyẹn. Bí ó bá ti wọlé pẹ̀lú orí, yóò jáde pẹ̀lú ìdí.

Bàbá mi ní, “Sọ fún un pé ẹṣin tí a rán lọ kí àna kì í fi ìdí wọ ilé.”

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀ tí ó sì nu ojú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹṣin ń jáde nílùú òun, àní níwájú Gómìnà. Bàbá mi ní kí n dá a lóhùn pé Gómìnà kì í ṣe àna òun. Ó wá yíjú sí àwa tiwa, ó sì là á yé wa pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn han onílé ti bú onílé, ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá wá sọ lẹ́yìn náà, àwáwí ni. Gbogbo ohun tí a ti ń wí nípa ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ àti ìjánu dára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnu-ọ̀nà níwájú, òun kò rí ohun tí òun ń rà.

Ó rà á ṣá. Ó ní ohun tí kò bá sí, gbẹ́nàgbẹ́nà lè dá a.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń gbé ní Totsi, ọmọ ẹ̀yà Mina kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ó yọ àwọn pákó ilẹ̀ tí ó ti jẹrà, ó fi ìrókò rọ́pò wọn, ó sì kan igi pẹlẹbẹ sí wọn níbùú kí pátákò má bàa máa yọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹnu-ọ̀nà iwájú, ó fi hàn wá pé irin méjì ni ó dúró ní iwájú àpótí, àwọn ni ó sì di igi ìwọ́, èyí tí ọkọ̀ fi ń wọ́ ọ, mú. Bí òun bá gé èyíkéyìí nínú wọn, ọkọ̀ yóò lọ, àpótí yóò kù sójú ọ̀nà. Àárín irin méjèèjì ni òun lè là. Bàbá mi ní kí wọ́n fa ẹṣin wá. Wọ́n mú un dúró síbẹ̀, wọ́n fi okùn wọn ìbú àyà àti ìhà rẹ̀, okùn náà sì kọjá láàárín irin méjèèjì, àyè díẹ̀ sì tún ṣẹ́ kù. Bàbá mi ní kí ó là á.

Ẹni tí ó wọn gíga ẹṣin pẹ̀lú ìyẹ́ orí, ìbú ẹṣin ní ìhòòhò ni ó wọ̀n. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rí i.

A tilẹ̀ dán an wò. Mo wọ́ àpótí náà dé Agoè-Nyivé pẹ̀lú ẹṣin nínú rẹ̀, mo sì gba Kégué padà, níbi tí kò sí ohun kankan nígbà náà ju oko àti koríko lọ. A dúró ní pápá kan, mo tú àpótí kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, mo wa ọkọ̀ kúrò níwájú rẹ̀, bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n sì tẹ́ pákó sórí igi ìwọ́. Ẹṣin funfun yọ orí, ó wo pápá, ó sì rìn jáde bí olówó tí ó jí láàárọ̀. A tún un ṣe, ó tún rìn jáde. Àbúrò bàbá mi béèrè pé a kò ha níí fi ẹ̀wù rẹ̀ dán an wò. Bàbá mi ní èèmọ́ inú koríko yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù náà, àti pé ojú àna ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i. Ìdí méjèèjì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. A lọ sílé.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. A kí ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ a sì gbéra. Eruku pupa ni gbogbo ọ̀nà, mo sì ń rọra lọ. Ibikíbi tí igi bá ti ní òjìji tó dára, Baba Ẹlẹ́ṣin yóò gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pé kí n dúró kí ẹṣin mu omi. Àbúrò bàbá mi jókòó láàárín èmi àti bàbá mi, ó gbé àpò ìyẹ́ ẹṣin lé ẹsẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Nígbà tí òkè Atakpamé yọ, a yà sí etí odò kan, a mú ẹṣin sọ̀kalẹ̀, a wẹ̀ ẹ́, a sì wọ ẹ̀wù fún un: àrán pupa tí ó bò ó dé orúnkún, gàárì aláwọ̀, ìjánu onídẹ, àti irin ìtẹsẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ méjì tí ó rọ̀ sí ìhà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. A fi ìyẹ́ sí i lórí. Ó gba ẹ̀yìn àpótí wọlé padà láìkọ lu ohunkóhun, nítorí pé ẹ̀yìn fẹ̀.

Wọ́n ti ń retí wa. Àna wa jókòó sórí awọ àgbò níwájú ilé, àwọn àgbà ìlú yí i ká, èrò sì kún ojúde. Mo rí ọmọ wa láàárín àwọn ìyàwó ilé lẹ́bàá ògiri, ó ti wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ìyáálé dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ra. A kí, wọ́n kí wa, ìkíni náà sì gùn dé ibi tí ó yẹ kí ó gùn dé. Mo tú àpótí, mo wa ọkọ̀ kúrò, àwọn ọ̀dọ́ agbo-ilé sì bá wa fi ọwọ́ yí i títí iwájú rẹ̀ fi kọjú sí àna gan-an. Bàbá mi tún agbádá rẹ̀ kó sí èjìká, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Orí ẹṣin yọ nínú òkùnkùn àpótí, funfun, pẹ̀lú idẹ lẹ́nu àti ìyẹ́ lókè. Ohùn jáde lẹ́nu àwọn èrò lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ìtẹ́lọ́rùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Irin ìtẹsẹ̀ méjèèjì sì kọ lu irin ẹnu-ọ̀nà, wọ́n dún gbàn-ùn bí agogo. Ẹṣin fà sẹ́yìn. Baba Ẹlẹ́ṣin tí ó wà nínú àpótí bá a sọ̀rọ̀, ó rọ̀ ọ́, ó tún mú un wá síwájú. Wọ́n tún dún. Lẹ́yìn èyí, ẹṣin kò tún gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ó na ọrùn síta, ó ń wò wá.

Láti ẹ̀bá ògiri ni ìyáálé ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò dojú u kọ ẹnikẹ́ni: “Ó jọ pé ilé tirẹ̀ wù ú ju tiwa lọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa wo ilẹ̀, ó sì di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Baba Ẹlẹ́ṣin rọra sọ fún bàbá mi pé kí àwọn tú gàárì. Bàbá mi bi í, láìgbé ohùn sókè, bóyá ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ àlejò lójú àna rí. Baba Ẹlẹ́ṣin ní ó kù kí a ṣí ẹ̀yìn nìyẹn. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ti fi gbogbo agídí rẹ̀ rà, òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí oòrùn bá wọ̀ bá wa níbẹ̀, kò níí ní kí a ṣí ẹ̀yìn.

Àbúrò rẹ̀ ni ó rìn jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dé iwájú àna, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹṣin yìí ti kí yín tán. Ẹni tí ó bá kí ọba tán, ṣé ẹ̀yìn ni ó ń kọ sí ọba láti jáde?”

Àna wò ó. Ó wo orí ẹṣin tí ó wà lẹ́nu-ọ̀nà, ó sì wo bàbá mi. Ọkùnrin tí ó ti dàgbà ní ìlú Yorùbá kan tí ó ní ọba ni, kí iṣẹ́ òwò tó gbé e dé Atakpamé. Nígbà tí ó máa dáhùn, gbogbo èrò ni ó dá lóhùn.

“Ó tì o. Fífà ni í fà sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ yóò sì wà lára ọba títí yóò fi bọ́ síta. Ẹ ṣí ẹ̀yìn fún un.”

Wọ́n sọ pákó ẹ̀yìn kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lápá ibẹ̀ sá sí ẹ̀gbẹ́. Baba Ẹlẹ́ṣin fi ọwọ́ tì í láyà, ẹṣin sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ ń wọ inú àpótí lọ, ojú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àna títí ó fi tẹ ilẹ̀. Bí ó mọ̀ pé òun ń kí ẹnikẹ́ni, n kò lè sọ. Ohun tí mo rí ni pé àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí fi orí kí i padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àti pé kò sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ibi tí àna jókòó sí, nípasẹ̀ ẹnu-ọ̀nà iwájú, kò rí ìdí ẹṣin rárá.

Wọ́n mú un yí àpótí ká dé iwájú rẹ̀. Àna fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ṣàdúrà, ó sì béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ẹ̀bùn. Bàbá mi dá orúkọ ọmọ wa, bí àṣà ti rí, pé ìyàwó ni ó fi ẹṣin kí bàbá ọkọ rẹ̀, pé àwa bá a mú un wá lásán ni. Àna ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, omi tí ẹṣin yóò kọ́kọ́ mu nínú ilé òun, ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni yóò ti wá.

Ọmọ wa gbé agbada omi wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀, ẹṣin sì mu ún. Àwọn ìyàwó ilé sún mọ́ ọn láti wò ó. Ìyáálé ni ó kẹ́yìn wọn, ó sì bi ọmọ wa bóyá ẹṣin máa ń jẹ èèpo iṣu. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé ọkọ, obìnrin náà kò tíì bi í léèrè ohunkóhun tí kì í ṣe ti iyọ̀. Ọmọ wa dáhùn pé ó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sá a kí ó gbẹ. Ìyáálé yíjú sí àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n má ṣe da èèpo iṣu alẹ́ yẹn nù.

Àbúrò bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí wọ́n ń sọ èyí. Ó tẹ́tí sí i títí dé òpin, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀.